Ọwọ́ Mi àti Mọ́tò Dúdú Màmá Agbẹ̀bí

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà

Òjò. Mọ́tò Màmá Agbẹ̀bí wọ ṣọ́ọ̀bù wa lónìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbúròó rẹ̀, pé mọ́tò dúdú kan wà lọ́wọ́ agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹnikẹ́ni ò tíì fún lọ́dà rí láti ìgbà tí wọ́n ti rà á. Òótọ́ ni. Ọ̀dà tó bá wáyé ló ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣá. Ọkọ màmá ló ń fọ̀ ọ́ nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn tó kú, ẹni tó bá ti rí kànìnkànìn ló ń fi ha á. Tí iná bá tàn sí i, ìlà wẹ́wẹ́ kún gbogbo ara rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn.

Ọ̀gá wò ó yíká, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Tèmi kọ́ nìyí o. Ọ̀dà ni èmi ń fún. Ìyá Pọ́líìṣì, iṣẹ́ tìẹ rèé."

Màmá náà ní àwọn ò fẹ́ ọ̀dà tuntun. "Ọ̀dà tí ọkọ mi mọ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ ṣáà jẹ́ kó dán." Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ọjọ́ kọkànlá oṣù tó ń bọ̀ ni ìwé ìwakọ̀ àwọn máa parí, dókítà ojú sì ti sọ pé òun ò ní fọwọ́ sí òmíràn mọ́. "Mo fẹ́ wà á lẹ́ẹ̀kan sí i, kó máa dán bí ìgbà tí a rà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á wá gbé e lọ."

Mo ní ó máa ṣeé ṣe. Kí ni mo rí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kẹfà

Mo fọ mọ́tò náà tán kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi ń pa á lára bí mo ṣe máa ń ṣe. Láti inú ọ̀rá ni ọwọ́ ti máa ń gbọ́ ohun tí ojú kò rí: eruku irin, oje igi, ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Ọwọ́ òsì ń gbọ́ ọ bí iyanrìn. Ọwọ́ ọ̀tún kò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún un pa. Ó dákẹ́, àfi bí ìgbà tí èèyàn ń bá ẹni tó ti sùn sọ̀rọ̀.

Mo ti ń sọ fún ara mi látijọ́ pé òtútù ni. Kì í ṣe òtútù.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù kẹfà

Ilẹ̀kùn iwájú lápá ọ̀tún ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ lo páàdì fóòmù, àwọn ìlà náà ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo dé. Mo wá fi páàdì onírun sẹ́nu ẹ̀rọ pọ́líìṣì, mo kán ìpara díẹ̀ sí i, mo sì ń rọra tì í lọ, tì í bọ̀. Páàdì onírun kì í ní sùúrù. Kíá ló ń jẹ ọ̀dà, kíá ló ń gbóná, kíá náà ni irun rẹ̀ ń kún fún ohun tó bá jẹ. Mo ń fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ, mo ń pààrọ̀ rẹ̀, mo ń bẹ̀rẹ̀ padà. Nígbà tí mo wá fi táwẹ́ẹ̀lì nu ilẹ̀kùn náà, ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé sínú omi. Mo rí ojú ara mi. Mo rí i pé gèlè mi wọ́.

Ọ̀gá wá dúró lẹ́yìn mi. Ó wá ní, "Mo lè fá irùngbọ̀n mi níwájú eléyìí."

Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè rántí pé inú mi dùn.

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù kẹfà

Mi ò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù mi. Bàbá wọn, ọkọ mi, ti ibi iṣẹ́ ọdẹ dé láàárọ̀, ó bá mi lórí ibùsùn níbi tí mo ti ń bá bọ́tìnnì kan ṣoṣo wọ̀yá ìjà. Ó ní, "Ìyá wọn, kí ni bọ́tìnnì yìí sọ sí ọ?" Mo rẹ́rìn-ín. Ó bá mi de é, ó wá di ọwọ́ mi mú, ó ní ó tutù. Mo ní òjò ni. Ó wò mí lójú. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin yìí ti ń ṣọ́ ilé onílé. Ó máa ń mọ̀ tí ilẹ̀kùn kan ò bá tì dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kẹfà

Òjò láti ìdájí. Páàdì ò gbẹ. Mo sá wọn sórí okùn nínú ṣọ́ọ̀bù bí aṣọ ọmọ tuntun. Wọn ò gbọ́dọ̀ rí iná, nítorí irun wọn á yọ́. Ọṣẹ olómi tí mo fi ń fọ̀ wọ́n tún ti gbówó lórí. Ẹni tó ń tà á ní kí n máa dúpẹ́ pé mo rí i rà. Mo dúpẹ́.

Apá ọ̀tún mọ́tò ti tán. Láàárọ̀ yìí, ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún mi pàwọ̀ dà, ó dà bí eérú. Ó pẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó padà síbẹ̀. Nígbà tó sì padà, ṣe ló ń ta mí bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú egungun.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù kẹfà

Bàbá wọn ló fà mí lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, mú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín lọ́wọ́, ó ní kí n dijú. "Ẹ sọ fún mi tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lára, mà." Mo dijú. Mo ń retí rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, mo ní, "Ṣé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ó ní òun ti fi kan ìka mẹ́ta.

Ó bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ó ní tí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó máa ń ba iṣan tí ìka fi ń mọ nǹkan lára jẹ́. "Tí ẹ bá dúró báyìí, mà, ó ṣeé ṣe kó má burú ju báyìí lọ. Èyí tó ti lọ, mi ò lè ṣèlérí pé ó máa padà."

Bàbá wọn ní, "Ṣé kò sí oògùn ni?"

Ó ní, "Oògùn rẹ̀ ni kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀."

A ń lọ sílé. Òjò ń rọ̀, agboòrùn kan ṣoṣo ló sì wà lọ́wọ́ wa. Orí mi ni Bàbá wọn gbé gbogbo rẹ̀ sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹfà

Mo lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù kẹfà

Èmi àti Bàbá wọn jà. Ká tilẹ̀ sọ pé òun ló jà, èmi wulẹ̀ ń ká aṣọ. Ó ní, "Ta ni o fẹ́ tìtorí ẹ̀ pa ọwọ́ ara rẹ?" Mo ní mo ti fún Màmá Agbẹ̀bí lọ́rọ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ lo fún wọn. O ò fún wọn lọ́wọ́."

Kí ni kí n sọ? Pé tí mo bá gbé ẹ̀rọ yìí sílẹ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n á máa pè mí? Gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní Ìyá Pọ́líìṣì, títí kan àwọn ọmọ iléèwé tí mi ò mọ ìyá wọn. Mo ní, "Mọ́tò yìí nìkan. Tí mo bá ti ṣe é tán, mo dẹ́kun."

Ó ní, "O gbọ́ ohun tí o sọ o."

Ó lọ síbi iṣẹ́ láìjẹun.

Ọjọ́ Rírú, 18 oṣù kẹfà

Apá òsì ti tán, òrùlé ti tán, búùtù náà ti tán. Ó ku bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Màmá wá wò ó. Mo tan iná sí ilẹ̀kùn kí wọ́n lè rí i dáadáa, wọ́n ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu. "Ohun tó bá jìnnà ni mo ṣì ń rí. Èyí tó bá wà nítòsí mi, kùrukùru ni. Tí mo bá fẹ́ mọ bí ojú rẹ ṣe rí, àfi kí n lọ dúró sí géètì." Wọ́n sì lọ dúró sí géètì lóòótọ́, nínú ẹrẹ̀, wọ́n wo mọ́tò, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "O rẹwà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ọ́."

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, wọ́n fi ọwọ́ pa ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wá orí ọmọ nínú ikùn. Wọ́n ní, "Ó ti jọ̀lọ̀." Mo wo ọwọ́ àgbàlagbà yẹn, mo jowú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kẹfà

Mo ti bà á jẹ́.

Mo fẹ́ kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, ó ń lọ dáadáa. Mo lẹ tépù mọ́ gbogbo etí rẹ̀, torí etí ni ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù. Ọ̀rinrin mú kí tépù náà ṣí lápá kan, mi ò sì rí i. Ìlà kan wà nítòsí ibẹ̀ tó kọ̀ tí kò lọ. Mo dúró tì í. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ojú irin náà kí n mọ̀ bóyá ó ti ń gbóná jù, bí mo ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ ní kò gbóná. Mo gbà á gbọ́.

Òórùn ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Nígbà tí mo fi máa gbé ẹ̀rọ kúrò, ọ̀dà dúdú ti tán níbẹ̀, ọ̀dà ìsàlẹ̀ tó rí bí eérú ti yọjú. Kò fẹ̀ ju èékánná lọ. Ó tó.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé pọ́líìṣì ń fi nǹkan kún ọ̀dà. Ṣe ló ń bù ú kúrò. Èyí téèyàn bá ti bù jù, kò sí bó ṣe máa bẹ̀ ẹ́ tó máa padà. Mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan, mo ń wò ó. Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Kò sí ohun tí mo lè ṣe, mo sì ń jókòó níbẹ̀ bí ẹni pé tí mo bá pẹ́ tó, nǹkan kan á wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kẹfà

Ọ̀gá wò ó. Kò pariwo, ó sì dùn mí pé kò pariwo. Ó ní, "Kán ọ̀dà dúdú díẹ̀ sí i. Màmá yẹn ò ní rí i láéláé."

Mo ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wò."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Nígbà náà, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti di tèmi nìyẹn. Àfi ká ha gbogbo rẹ̀, kí n fún un lọ́dà láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ọ̀dà tí ọkọ wọn mọ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Ọkọ wọn ti kú, Ìyá Pọ́líìṣì."

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé kí ló ṣe ọwọ́ mi. Mo sọ fún un. Ó wo ọwọ́ tirẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 oṣù kẹfà

Mo lọ bá màmá nílé. Yàrá wọn mọ́ tónítóní. Gbogbo nǹkan ló ní àyè tirẹ̀: sálúbàtà níbí, ife níbí, kí ọwọ́ lè bá a láìsí pé ojú wá a. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, mi ò dìde. Mo rò fún wọn bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, ti bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ti ọwọ́.

Wọ́n ní, "Mú ọwọ́ náà wá." Wọ́n ń tẹ ìka mi níkọ̀ọ̀kan. "Èyí ńkọ́?" Rárá, mà. "Èyí?" Rárá, mà. "Èyí?" Díẹ̀. Wọ́n di ìyẹn mú fúngbà díẹ̀, bí ẹni pé ó lè sá lọ.

Wọ́n ní, "Inú mi ò dùn. Má rò pé inú mi dùn torí pé mi ò pariwo."

Mo ní, "Mo mọ̀, mà."

"Ìwé mi ṣì máa parí lọ́jọ́ tó máa parí. Wọn ò ní torí bọ́nẹ́ẹ̀tì fi ọjọ́ kún un fún mi." Wọ́n jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. "Ẹ kùn ún. Ó dára. Kó ṣáà ti wà nílẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà."

Mo sunkún nígbà tí mo jáde. Àpò mi bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, àwọn tó ń kọjá ló ń pè mí padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kẹfà

Ọ̀gá ha bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo dúró tì í títí ó fi tán. Omi dúdú ń ṣàn bọ́ sílẹ̀, ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ mi lọ sínú gọ́tà. Ó fún un ní ọ̀dà ìsàlẹ̀, gbogbo iwájú mọ́tò di eérú. Ó ní tí òjò bá lè dá lẹ́nu fún ọjọ́ kan péré, òun á fún un ní dúdú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù kẹfà

Òjò ò dá. Ògiri ṣọ́ọ̀bù ń làágùn. Ọ̀gá ní téèyàn bá fún ọ̀dà nínú afẹ́fẹ́ báyìí, ó máa hó, ó máa ṣá, ẹ̀ẹ̀mejì la máa ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan. A jókòó, a ń mu tíì, a ń wo ojú ọ̀run bí ẹni ń retí bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù keje

Òjò.

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù keje

Òjò dá láàárọ̀. Ọ̀gá sáré wọ aṣọ iṣẹ́, ó fi ìbòjú bo imú, ó da ọ̀dà sínú ìbọn tó fi ń fún un. Bí ó ṣe gbé ìbọn sókè ni ojú ọ̀run ṣú. Ó bọ́ ìbòjú, ó jókòó. Ó ní, "Ta la ṣẹ̀?" Mo ní mi ò mọ̀.

Bàbá wọn gbé oúnjẹ wá fún mi lọ́sàn-án. Ó kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ̀rọ mi wà, lórí pẹpẹ, tí eruku ti bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó. Ó bu oúnjẹ mi jẹ. Ó ti pẹ́ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ọjọ́ Rírú, 9 oṣù keje

Ọ̀gá ò lè mú un mọ́ra mọ́, ó fún un lọ́dà nínú ọ̀rinrin. Mo rí i tó dúró dúdú kanlẹ̀, tó lẹ́wà, fún ìgbà tí èèyàn lè fi mu ife omi kan. Kùrukùru funfun wá yọ sójú rẹ̀ láti àárín, ó ń tàn ká, bí èémí lára gíláàsì. Ọ̀gá dúró, ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ha á padà di eérú ní ìrọ̀lẹ́. Mo bá a da omi sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù keje

Màmá dé láàárọ̀ pẹ̀lú ìdúró wọn tó tọ́. Wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀, wọ́n gbé báàgì kékeré sápá. Òjò ti dá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣì ń rùn fún omi. Ọ̀gá rí wọn ní ọ̀ọ́kán, ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ wá nǹkan tí kò sọnù.

Mo ní, "Kò tíì parí, Màmá. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ò gba ọ̀dà. A gbìyànjú."

Wọ́n dúró sí géètì, níbi tí wọ́n ti ń ríran. Wọ́n wò ó títí. Ó dúró síbẹ̀, ara rẹ̀ dúdú bí omi kànga, igi òde ń mì lára ilẹ̀kùn rẹ̀, iwájú rẹ̀ sì rí bí ológbò tó ti imú bọ inú ààrò. Mo ń retí kí wọ́n yí padà lọ sílé.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, mà."

"Wọlé, jẹ́ ká lọ."

Èmi ò mọ ọkọ̀ wà. Ìgbà tí mo ti jókòó tán ni mo rántí pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kò sí ohun tí mo lè ṣe níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n màmá ń wà á jẹ́jẹ́. Wọ́n kọjá ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù, wọ́n kọjá ilé ìwé. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà nàka sí wa, ọ̀kan ní, "Ẹ wo mọ́tò aláàbọ̀ ọ̀dà." Màmá ní, "Kí ni wọ́n wí?" Mo sọ fún wọn. Èjìká wọn ń mì, mi ò tètè mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

A gun òkè dé iwájú ilé ìgbẹ̀bí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Wọ́n rọra tẹ bíréèkì. Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ ká dúró, mà?" Wọ́n ní, "Rárá. Tí mo bá dúró, mi ò ní fẹ́ gbéra mọ́." A kọjá. Ní ìsàlẹ̀ òkè náà, ọ̀nà tọ́, kò sí mọ́tò mìíràn níbẹ̀, wọ́n sì sáré díẹ̀. Afẹ́fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé. Wọ́n ní, "Sọ fún mi bó ṣe rí."

Mo yọrí síta, mo wò ó. Mo ní, "Ojú ọ̀run wà lára ilẹ̀kùn, mà. Ó ń sáré tẹ̀lé wa. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ò ní nǹkan kan lára."

Wọ́n ní, "Ó ṣeun tí o ò parọ́."

Nígbà tí a dé ẹnu géètì wọn, wọn ò rí ògiri mọ́, ó ti sún mọ́ wọn jù. Mo sọ̀kalẹ̀, mo dúró síwájú wọn, mo ń pè é. "Ọ̀tún díẹ̀, mà. Díẹ̀ sí i. Ẹ tọ́ ọ báyìí. Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀." Wọ́n ń bọ̀ lórí ohùn mi. Mọ́tò gba àárín géètì wọlé, kò fara kan nǹkan kan lápá ọ̀tún, kò fara kan nǹkan kan lápá òsì. Wọ́n pa á. Wọn ò sọ̀kalẹ̀, mo bá padà wọlé jókòó tì wọ́n.

Ọwọ́ wọn méjèèjì ṣì wà lórí sítíárì. Wọ́n ní, "Ó parí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó dìde nínú wa.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù keje

Oòrùn ràn láti òwúrọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá wa mọ́tò padà wá, Ọ̀gá fún bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́dà, ó gbẹ kí n tó jẹun ọ̀sán, ó dúdú kanlẹ̀, kò ṣá. Mi ò fọwọ́ kàn án.